Bọ́ọ̀sì Tó Máa Ń Kú Lẹ́yìn Ìdèrè

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé, bọ́ọ̀sì ló rà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú ra àga ìrọ̀gbọ̀kú, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìwé ìròyìn lé eṣinṣin títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bàbá mi ní òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń wọ ilé onílé káàkiri ilẹ̀ Ìbàràpá, tó ń ṣí ìkòkò omi wò, tó ń bá àwọn obìnrin wí nítorí tanwíjí, tó sì ń fajú ro sí àwọn baálé ilé tí ṣáláńgá wọn kò ní ìdérí. Ẹni tó ti fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun kò lè jókòó kó máa wo òfuurufú. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan tí yóò máa yẹ̀ wò. Bọ́ọ̀sì náà sì fún un ní nǹkan yẹ̀ wò ju bó ti bèèrè lọ.

Ọkọ̀ ọ̀hún ti dàgbà kó tó mọ̀ wá. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu, bó bá sì ń lọ, ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń rojọ́ fún adití. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà oríṣiríṣi. Èyí tó wà lókè ń ṣí, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń yọjú, débi pé olúkúlùkù ló ní àwọ̀ tirẹ̀ tó fi ń júwe rẹ̀. Ẹni tó ni ín ṣáájú bàbá mi kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, òjò sì ti fọ ìparí ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun tó kù níbẹ̀ ni "SÙÚRÙ NI". A kò mọ ohun tí sùúrù jẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ṣe tán láti kọ́ wa.

Táǹkì epo tí wọ́n ṣe mọ́ ọn ti dípẹtà tán. Wẹ́dà kan ní Èrúwà ló fi irin pẹlẹbẹ jó òmíràn fún un, kò sì rí ibi tí yóò gbé e sí ju abẹ́ bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lọ, nínú ọkọ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà. Ẹnu táǹkì náà kọjú sókè bí ẹnu ìkòkò. Kò sí ìdérí tó bá a mu ní gbogbo Ìbàràpá, nítorí náà àkísà ni bàbá mi ń kì bọ̀ ọ́. Bàbá mi tó ti gbé ènìyàn lọ sí kóòtù rí nítorí ìkòkò tí kò ní ìdérí, òun náà ló wá ń fi àkísà dé táǹkì. Mo sọ ọ́ fún un nígbà kan. Ó ní tanwíjí kì í gbé inú dísẹ́ẹ̀lì.

Orí bẹ́ǹṣì tí táǹkì wà lábẹ́ rẹ̀ yìí ni ìyá mi máa ń jókòó sí. Gàrí ló ń tà. Bọ́jọ́ ọjà Ayétẹ̀ bá pé, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wọ bọ́ọ̀sì bàbá mi ní Ìgbò-Ọrà ní àárọ̀ kùtù, wọn yóò gba Ìdèrè kọjá, wọn yóò ra gàrí lọ́wọ́ àwọn tó yan án, wọn yóò sì kó o padà wá fún àwọn oníbàárà tó ń ti Ìbàdàn wá. Epo pupa ló ń tà kó tó di pé ó ń ta gàrí, kò sì sí ẹni tó ń di kẹ́ẹ̀gì epo bíi tirẹ̀. Yóò ká ọ̀rá léra, yóò fi wé ṣùkù àgbàdo, yóò ti ṣùkù náà bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi há. Yóò fi omi díẹ̀ po ọṣẹ ìfọṣọ títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀bà ọmọdé, yóò fi rẹ́ etí rẹ̀ yíká. Yóò tún ta ọ̀rá mìíràn bò ó, yóò wá fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúùbù kẹ̀kẹ́ wé e mọ́lẹ̀ títí ìka kò fi ní lè wọ abẹ́ rẹ̀. Àwọn dẹ́rẹ́bà lọ́rì máa ń sọ pé bí kẹ́ẹ̀gì tí ìyá mi dì bá já bọ́ láti orí ọkọ̀, ilẹ̀ ni yóò fọ́. Ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí ìdí tí òun yóò fi jiyàn.

Oníbàárà kan wà láti Ìbàdàn, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n ti dá ayé. Lọ́jọ́ kan, ó bu gàrí ìyá mi sọ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó tú u dànù.

“Ìyá Onígàrí,” ó wí, “gàrí yìí mu dísẹ́ẹ̀lì.”

Ojú ọjà ló ti sọ ọ́. Nídìí gàrí, wọ́n lè sọ pé tìrẹ kò kan tó, wọ́n lè sọ pé yanrìn wà níbẹ̀. Ìyẹn kò ṣe nǹkan, bí wọ́n ṣe ń nájà ni. Ṣùgbọ́n orúkọ dísẹ́ẹ̀lì, bó bá ti lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára, omi kì í ṣí i. Ìyá mi so ẹnu àpò rẹ̀ padà. Ó délé, ó yọ àkísà bàbá mi sọnù, ó ṣa ṣùkù àgbàdo tó tóbi jù, ó sì di ẹnu táǹkì náà bó ṣe máa ń di kẹ́ẹ̀gì epo. Láti ọjọ́ náà, òórùn tán nínú ọkọ̀. Gbogbo wa yìn ín. Bàbá mi pàápàá yìn ín, bẹ́ẹ̀ ìyìn kì í já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lásán.

Ọjà tó tẹ̀ lé e ni bọ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ kú lẹ́yìn Ìdèrè.

Bí mo ṣe tò ó yìí, ẹni tó ń kà á ti lè máa nawọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwa tí a wà níbẹ̀ kò rí i. Àsìkò ọ̀wọ́n epo ni, gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ló ń sọ pé wọ́n ń po omi mọ́ dísẹ́ẹ̀lì. Bàbá mi kò sì fẹ́ kí epo tán mọ́ òun lọ́wọ́, ìgbàkígbà tó bá rí epo rà, ńṣe ló ń rọ ọ́ kún táǹkì dé ọrùn. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ kú, epo ni a kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Bó ṣe ń ṣe nìyí. Yóò jáde ní Ìgbò-Ọrà pẹ̀lú ariwo rẹ̀, yóò la Ìdèrè já. Bó bá wá kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú náà, níbi tí àpáta ti yọrí lápá ọ̀tún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ yóò máa rẹlẹ̀, yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà mìíràn, ó lè kú kó tó dé ibẹ̀ rárá. Ohun tó sì yà wá lẹ́nu ni pé bí epo inú rẹ̀ bá kún dáadáa, ìgbà náà gan-an ló máa ń tètè kú. Bí epo bá ti ń lọ sílẹ̀, ó lè sáré dé tòsí Ayétẹ̀. Mo sọ nígbà náà pé irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nílùú wa, pé ọ̀pọ̀ ẹni tí a fi sípò ló jẹ́ pé bí ikùn wọn bá ti kún ni iṣẹ́ wọn ń kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ó sì dùn mọ́ mi débi pé n kò ronú síwájú mọ́.

Mẹkáníìkì wa wà ní ojú ọ̀nà Èrúwà, lábẹ́ igi kajú kan. Ó kọ ọ́ sára pátákó rẹ̀ pé òun ni Ẹnjiníà Àgbà, àti pé ọ̀nà àwọn ará Jámánì ni òun ń gbà tún ọkọ̀ ṣe. Kò dé Jámánì rí. Ọ̀gá ọ̀gá rẹ̀ ló bá àwọn òyìnbó kan tó ń la ọ̀nà ṣiṣẹ́ nígbà kan, wọ́n ní Jámánì ni wọ́n. Bó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, yóò fi ẹnu sukudiréfà kan irin, yóò fi ìdí rẹ̀ sínú etí, yóò di ojú, gbogbo wa yóò sì dákẹ́ bí ìgbà tí dókítà bá ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó gbọ́ títí, ó ní nọ́sù ni, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì.

“Bàbá, ó yẹ kó máa fọ́n epo bí ìrì,” ó wí. “Itọ́ ló ń tu.”

Ó tú nọ́sù, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ̀bí. Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kú lẹ́yìn Ìdèrè.

Èmi náà dá sí i. Ẹ̀kọ́ nípa ìṣèlú ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èrúwà nígbà náà. Kò sí èyí tó kan dísẹ́ẹ̀lì nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba oyè ní yunifásítì nílùú wa kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun kò mọ nǹkan, wọn yóò ní owó tí wọ́n ná lé e ti ṣòfò. Mo wá ìwé kan kà, mo sì kéde pé ooru ni. Nígbà tí ọkọ̀ kú, mo ní kí wọ́n rẹ àpò gàrí sínú omi, kí wọ́n gbé e lé orí pọ́ǹpù tó ń fa epo. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń bu ẹran tó dára fún mi.

Lọ́jọ́ mìíràn, alùfáà mọ́sálásí kan àti alàgbà ìjọ kan bára wọn nínú ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ kú. Ẹni kìíní bọ́ sí apá ọ̀tún, ó gbàdúrà. Ẹni kejì bọ́ sí apá òsì, òun náà gbàdúrà. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́. Títí a fi dé Ayétẹ̀, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ pín ògo náà pẹ̀lú èkejì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fiyè sí ni pé kó tó di pé a lo oògùn èyíkéyìí fún ọkọ̀ náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè bóyá epo wà nínú rẹ̀. Bàbá mi kì í sì í fi ẹnu dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé ni, ohun tó bá rí ló gbà gbọ́. Ìyá mi yóò dìde lórí bẹ́ǹṣì, yóò tú ìdì rẹ̀, bàbá mi yóò ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú táǹkì, yóò fà á yọ, yóò gbé e sókè sójú oòrùn kí gbogbo ènìyàn lè rí ibi tí epo mọ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi yóò tún un dì, yóò tún fi ọṣẹ rẹ́ ẹ. Kí ó tó ṣe tán, ẹni tó kàn láti ṣe ìtọ́jú yóò ti máa ká apá aṣọ. Ọkọ̀ yóò ṣiṣẹ́, oníṣègùn ọjọ́ náà yóò sì gba ìyìn.

Nígbà tó yá, ó sú bàbá mi. Àwọn obìnrin ń pẹ́ dé ọjà, gàrí tó dára ti ń tán kí wọ́n tó dé, díẹ̀ nínú wọn sì ti ń lọ wọ lọ́rì. Àwọn kan wà láti Ìbàdàn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n ti yí bọ́ọ̀sì náà ká wò, wọ́n fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni tó ń ra àgbò. Bàbá mi sọ fún wọn pé bó bá tún kú ní ọjà Ayétẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n wá gbé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní òun jókòó sínú àga ìrọ̀gbọ̀kú ọ̀rẹ́ òun, pé àga náà kò burú. Ìyá mi wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ba àwa méjèèjì lẹ́rù ju ti irin àlòkù lọ.

Ẹnjiníà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un yẹ̀ wò kí ọjà tó pé. Ó pààrọ̀ asẹ́ tó ń sẹ́ epo, ó ta omi díẹ̀ sórí pọ́ǹpù láti fi bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ mi, òun, bàbá mi àti èmi sì gbé ọkọ̀ náà jáde láìsí èrò. Ìyá mi wà nílé. Bàbá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ epo, ó sì fi àkísà dé e bíi ti àtijọ́, nítorí kò mọ bí a ṣe ń po ọṣẹ. A kọjá Ìdèrè. A gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. A dé Ayétẹ̀, a dé Tápà, a yí padà, a délé. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnjiníà ń kọrin bọ̀ láti Tápà, ohùn rẹ̀ kò sì dára.

Ọjọ́ ọjà pé. Bàbá mi ní kí Ẹnjiníà bá wa lọ, kó wá jẹ nínú ohun tó sè. Àwọn obìnrin wọlé, ìyá mi jókòó sí orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́yìn tó ti yọ àkísà sọnù, tó sì ti di táǹkì bó ṣe yẹ. A la Ìdèrè já. Ní ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ wúkọ́, ó mì tìtì, ó dákẹ́.

Bàbá mi kò sọ̀kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìdarí ọkọ̀, ó ń wo iwájú. Kò yíjú padà tó fi sọ̀rọ̀.

“Ìyá wọn, a gbé ọkọ̀ yìí dé Tápà láìsí ìwọ nínú rẹ̀. Ó jọ pé ìwọ ni kò fẹ́.”

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn ní kí Bàbá Wolé-wolé má sọ bẹ́ẹ̀, pé bóyá ìdí ìyàwó wọn ló kàn wúwo fún ọkọ̀. Nígbà mìíràn, ìyá mi ìbá ti bi í pé ìdí tirẹ̀ ńkọ́, gbogbo ọkọ̀ ìbá sì ti fi ẹ̀rín túká. Lọ́jọ́ náà, kò fèsì. Ó ń wo ìdì ọwọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin rí i pé kò fèsì, wọ́n bá dákẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí a fi ń gbọ́ bí ẹyẹ ṣe ń ké lórí àpáta. Láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti ń kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu obìnrin kankan kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Bàbá mi na ọwọ́ sí igi rẹ̀ láti wọn epo. Ìyá mi dìde, ó tú rọ́bà, ó ká ọ̀rá kúrò, ó fi àtàǹpàkò gbún ṣùkù àgbàdo náà.

Táǹkì mí.

Ó fa èémí sínú, híììì, bí ẹni tó wẹ̀ lábẹ́ odò tó wá yọ orí síta. Ó ti ń mí bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí ìyá mi bá tú u, ariwo wa ni kò jẹ́ ká gbọ́. Ìyá mi yọ ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó. Ẹnjiníà, tó ti fi sukudiréfà sínú etí láti ìgbà tí ọkọ̀ ti dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì fi ẹnu rẹ̀ kan nǹkan kan, yọ ọ́.

“Bàbá, ẹ má wọn nǹkan kan,” ó wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣáná sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù títí afẹ́fẹ́ inú ọ̀nà epo fi jáde, bàbá mi ṣáná, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Kò tún kú mọ́ títí a fi dé Ayétẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ẹni tó bá ti gbé ẹnu lé ìgò omi rí, tó fa omi inú rẹ̀ láì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, mọ̀ pé ìgò náà yóò wá gbá a létè mú, omi kò sì ní jáde mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa epo lọ́wọ́ táǹkì náà nìyẹn, ìdì ìyá mi kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kankan wọlé rọ́pò epo tó jáde. Bí epo bá kún dé ọrùn, afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ kéré, agbára rẹ̀ sì ń tètè tán. Bí epo bá ti lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á pọ̀ díẹ̀, ọkọ̀ á sáré jìnnà díẹ̀. Ó wá yé wa bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti ṣojú wa. Ẹnjiníà ní òun ti ń fura sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi náà ní ooru wà lára rẹ̀. Alùfáà àti alàgbà kò sí níbẹ̀, bí wọ́n bá wà níbẹ̀, wọn ìbá rí nǹkan sọ.

Ìyá mi bá ọjà rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ó ra gàrí rẹ̀, a fi àkísà dé táǹkì, a padà sílé. Nígbà tí a máa fi dé Ìgbò-Ọrà, òórùn dísẹ́ẹ̀lì ti kún inú ọkọ̀, ó sì ti wọ inú àpò. Ó gbé imú lé àpò kan, ó gbé imú lé òmíràn. Kò gbé gàrí náà lọ fún àwọn ará Ìbàdàn. Ó pín in fún àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú.

Bàbá mi rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó mú ìṣó kan wá bá a lẹ́yìn tó kírun Alásárì, ó fi ìka júwe bí ihò tí òun fẹ́ lu sí ìdì náà ti kéré tó, pé kò ní ju ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ.

“Ẹ lu ihò sí i,” ìyá mi dáhùn. “Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ má pè é ní ìdì mi. Lọ́rì ni n ó máa wọ̀.”

Bàbá mi ní ihò abẹ́rẹ́ kò lè ba gàrí jẹ́. Ìyá mi ní ihò tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé ni òórùn ń gbà jáde, àbí wolé-wolé kò kọ́ ìyẹn? Bàbá mi fi ìṣó rẹ̀ sápò. Bí ìyá mi bá wọ lọ́rì, gbogbo àwọn obìnrin tó kù yóò tẹ̀ lé e, kò sì sí ohun tí bọ́ọ̀sì yóò tún máa kó bí kò ṣe òun àti ẹ̀kọ́ sùúrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A ti mọ àìsàn ọkọ̀, ọkọ̀ sì tún fẹ́ kú. Àwọn onírin àlòkù wá, bàbá mi ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọjà. Ó tún lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ alága ìrọ̀gbọ̀kú.

Ẹnìkan wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá mi lọ ní ọjọ́ kejì, ó sì mú rọ́bà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti ìyá mi níbi tó ti ń ku gàrí, ó bá a sọ̀rọ̀ ọjà, ó bá a sọ̀rọ̀ òjò, ó wá gbé e jáde.

“Mo fẹ́ kí o bá mi di nǹkan kan.”

“Kí ni?”

“Rọ́bà yìí yóò gba àárín ṣùkù kọjá, yóò sọ̀kalẹ̀ gba ihò ilẹ̀ ọkọ̀, yóò lọ sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ yóò ti máa wọlé, ibẹ̀ náà ni òórùn yóò máa gbà lọ. Ẹnjiníà ní òun lè dì í.”

Ìyá mi gbé ajọ̀ sílẹ̀.

“Ẹnjiníà wo ló mọ nǹkan dì?”

“Ohun tí mo rò náà nìyẹn,” bàbá mi wí. “Mo mọ̀ pé tirẹ̀ yóò jò.”

Ìyá mi gba rọ́bà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹnu kan fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ọwọ́ gbọ́ ọ ní òdì kejì. Ó ní kí n wá irin tẹ́ẹ́rẹ́, kí n kì í bọ iná. Ó fi irin gbígbóná dá ihò sí àárín ṣùkù, ó ti rọ́bà bọ̀ ọ́, ó sì po ọṣẹ. N kò rí i kó fara balẹ̀ di kẹ́ẹ̀gì tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó ṣe tán, ó fi imú rìn yíká ẹnu táǹkì náà bí ajá tó ń wá òkété, ó ní kí bàbá mi náà fi imú tirẹ̀ kàn án. Ó fi kàn án. Kò rí nǹkan kan gbọ́, ó sì ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò lè fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó gé àwọ̀n ẹ̀fọn díẹ̀, ó fi so ẹnu rọ́bà tó wà nísàlẹ̀. Mo bi í pé ṣé tanwíjí ti wá ń gbé inú dísẹ́ẹ̀lì ni. Ó ní nítorí eruku ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ọjà tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Ìdèrè rí rọ́bà náà tó ń fì lábẹ́ ọkọ̀, ẹnìkan sì pariwo láti ẹ̀bá ọ̀nà pé, “Ẹ̀yin èrò, ẹ rọra o, wọ́n ti fa omi sí i lára!” Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn ti ń sọ ìtàn ìyàwó ọmọ rẹ̀ tí kò mọ ọbẹ̀ sè, ó gé e sí àárín. Àpáta dé apá ọ̀tún wa. Bàbá mi tẹ ọkọ̀. Ó gùn ún, ariwo rẹ̀ kò yí padà, àpáta bọ́ sẹ́yìn wa, igi kajú kan tó wà lókè náà bọ́ sẹ́yìn. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé ìdì tó wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó mú un kúrò, ó yíjú sí obìnrin náà.

“Ó wá bu iyọ̀ sí i, kí ló tún ṣe?”

Ìtàn náà ń bá a lọ títí a fi dé Ayétẹ̀.

Nígbà tí a kó gàrí dé Ìgbò-Ọrà, oníbàárà ará Ìbàdàn yẹn ti ń dúró. Ó ní kí wọ́n tú àpò àkọ́kọ́, ó bu gàrí sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo òkè bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Bàbá mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọjà, sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fara ti ìlẹ̀kùn. Obìnrin náà gbé e mì. Ó bu òmíràn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́.

“Yanrìn wà níbẹ̀,” ó wí.

Kò sí yanrìn kankan níbẹ̀. Ìyá mi wo bàbá mi, bàbá mi yí ojú sẹ́yìn kí ẹ̀rín rẹ̀ má bàa hàn. Ó wọ inú ọkọ̀ lọ, ó gbé igi rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò wọ̀n.